Ẹni Tí Ń Wá Ayétòrò

Bí ará Ìdógò kan ní ilẹ̀ Yewa wa bá mú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó tẹ Ayétòrò nìkan ṣoṣo sórí Google, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ Comprehensive High School tí a dá sílẹ̀ nínú ìlú náà ní 1963, kí ẹnu má yà á bí ó bá bá ara rẹ̀ létí òkun ilẹ̀ Ìlàjẹ, nínú Ayétòrò àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, tàbí bí ó bá já sí Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹ̀rọ náà kò purọ́; àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran: ọ̀rọ̀ ni ó ń wá, kò mọ ìlú.

Ọwọ́ ènìyàn ni a kọ́kọ́ fi ń to íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní 1994, Jerry Yang àti David Filo, akẹ́kọ̀ọ́ ní Stanford ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ àkójọ tí ó di Yahoo, níbi tí ẹni tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ ka ìkànnì kọ̀ọ̀kan ti ń fi í sábẹ́ ẹ̀ka tí ó yẹ ẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí Ayétòrò ilẹ̀ wa kò fi ní í dà pọ̀ mọ́ ti Ìlàjẹ. Ṣùgbọ́n ìkànnì ń ya wọlé bí eṣú, agbára olùtò kò sì ká a mọ́. Ní 1998 ni Larry Page àti Sergey Brin dá Google sílẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fúnra rẹ̀ kiri, tí ó sì ń wo ojú-ewé tí àwọn mìíràn ń tọ́ka sí jù lọ kí ó tó mọ èyí tí yóò fi síwájú. Yahoo pa àkójọ rẹ̀ tì ní ìparí 2014, DMOZ, àkójọ mìíràn tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ń tọ́jú, tẹ̀ lé e ní 2017. Ní tèmi, a yára jù láti yọ̀ sí ikú wọn, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní Yewa gan-an, àwa tí a ń jẹ́ Ẹ̀gbádò títí di 1995. Ẹni tí ó bá tẹ Yewa nìkan, ìwé àtijọ́ tí ó pè wá ní Ẹ̀gbádò kò ní í jáde sí i. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń wá ìtàn ojú irin tí ó yà ní Ifọ̀, tí ó gba Ìlaròó kọjá lọ sí Ìdógò, kí ó tẹ Idogo pọ̀ mọ́ Egbado, láìfi àmì sí i; kí ó sì tún wo ìsàlẹ̀ ojú-ewé Wikipedia lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí àwọn ènìyàn ṣì ń fi ọwọ́ to nǹkan sí ẹ̀ka-ẹ̀ka.