Ẹ Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Kẹ̀kẹ́ Kí Ẹ Tó Tan Máíkì

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan wà tí kò jìnnà sí Springdale, ní àgbègbè Prince George's ní ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. WB&A ni wọ́n ń pè é. Ojú irin ni tẹ́lẹ̀: ọkọ̀ ojú irin tó ń lo iná mànàmáná rìn ín láti 1908 títí di 1935, kí wọ́n tó hú irin rẹ̀, tí ọ̀nà náà sì wá di ti ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá bọ́ síbẹ̀ ti bọ́ sórí East Coast Greenway, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 3,000 máìlì, láti Maine lápá àríwá dé Key West ní Florida. Bí ẹ bá sì kọrí sí Washington, ọ̀nà etí odò àfọwọ́gbẹ́ C&O wà ní Georgetown, 184.5 máìlì dé Cumberland. Ọ̀nà mìíràn tún gbà láti ibẹ̀ dé Pittsburgh.

Ẹni tó wà nínú mọ́tò kì í gbọ́ ju rédíò rẹ̀ lọ. Oníkẹ̀kẹ́ ń gbọ́ àkèré nínú àbàtà, ó ń gbọ́ ìlù lẹ́yìnkùlé olóde, ó sì lè dúró kí bàbá arúgbó tó jókòó síwájú ilé. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ sínú àpò kẹ̀kẹ́. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ tó gbé yín dé ibi ohùn náà ló máa ń ba ohùn ọ̀hún jẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ti ń kọsẹ̀.

Awọ tín-ínrín kan wà nínú máíkì tó dà bí ojú ìlù. Ohùn ni kọ̀ǹgọ́ tó ń lù ú: ohùn á mú afẹ́fẹ́ mì, afẹ́fẹ́ á mú awọ náà mì, ẹ̀rọ á sì sọ mímì ọ̀hún di iná mànàmáná. Lílù yìí fẹ́lẹ́ púpọ̀. Atẹ́gùn ní tirẹ̀ kì í lu awọ náà, ńṣe ló ń gbá a bí ẹ̀ṣẹ́. Bí ẹ bá ń sáré 15 máìlì ní wákàtí kan, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń ṣe atẹ́gùn yẹn, kódà lọ́jọ́ tí ewé kan kò mì. Ẹ wá fi ìró ṣéènì kún un, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ táyà kún un, ẹ fi mímí ẹni tó ń gun òkè kún un.

Ẹ lè fi fóòmù bo máíkì, kí ẹ sì fi ìbòrí onírun gígùn wọ̀ ọ́ lókè, irú èyí tó dà bí ológbò tó sùn. Irun yẹn ló ń fọ́ atẹ́gùn sí wẹ́wẹ́ kí ó tó dé ojú awọ. Ó wúlò gan-an, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ohun tí ìdúró ń ṣe. Ẹ dúró, ẹ fi kẹ̀kẹ́ ti igi, kí ẹ sì rìn sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe tíì tẹ nǹkan kan. Àwọn ẹyẹ ti rí yín, wọ́n ti dákẹ́. Wọ́n á tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí wọ́n tó padà sẹ́nu orin wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sún mọ́ ohun tí ẹ fẹ́ gbà. Òpópónà ńlá Beltway kò jìnnà sí Springdale, híhó rẹ̀ kì í sì í sinmi tọ̀sán-tòru. Bí ẹ bá dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tí ẹ sì wá sún dé ẹsẹ̀ bàtà 5, agbára tí ohùn rẹ̀ fi ń ti awọ máíkì yóò di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n híhó Beltway kò ní fi nǹkan kan kún tirẹ̀. Ẹ̀rọ olówó gegere kò lè ra ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún yẹn fún yín. Bọ́tìnì kan tún máa ń wà lára ẹ̀rọ tó ń gé ìró ìsàlẹ̀ kúrò, bíi èyí tó wà lábẹ́ 80 Hz (mímì 80 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), níbi tí híhó mọ́tò pọ̀ sí. Ẹ tàn án fún ẹyẹ, ẹ pa á fún ìlù.

Ìlù ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ayé òde òní ní òdiwọ̀n kan tí ohùn kò gbọdọ̀ kọjá; bó bá kọjá, ẹ̀rọ á gé orí rẹ̀, kò sì sí oníṣẹ́ tó lè dá orí náà padà. Ẹni tó bá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ onílù ṣe òdiwọ̀n máíkì rẹ̀ yóò kábàámọ̀ nígbà tí kọ̀ǹgọ́ bá balẹ̀ lójú ìyáàlù. Ẹ bẹ onílù kí ó kọ́kọ́ lu èyí tó le jù lọ, kí ẹ sì yí bọ́tìnì títí ìwọ̀n rẹ̀ yóò fi wà ní nǹkan bíi -12 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Ní tèmi, mi ò ní fi ohùn WhatsApp gba ìlù láé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe é fún. Ó ń fún ohùn pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, àgídìgbo lè di agolo nínú rẹ̀. Orin go-go, tí Chuck Brown sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, tí Washington sì fi òfin sọ di orin ìlú rẹ̀ ní 2020, tún ní ìwà kan: ìlù rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró láàárín orin kan sí èkejì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa yí lọ.

Etí ènìyàn kì í gbọ́ ju nǹkan bí 20,000 Hz lọ. Nítorí náà ni ẹ̀rọ fi ń wo ohùn ní ìgbà 44,100 tàbí 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí ó gbọ́dọ̀ lé ní ìlọ́po méjì ohun tí etí lè gbọ́. Bí ẹ bá lo 48,000 àti 24-bit fún máíkì méjì, wákàtí kan yóò gba nǹkan bíi 1 GB. Káàdì 64 GB á gbé nǹkan bí 60 wákàtí. Ẹ má ṣe gbé gbogbo rẹ̀ sórí káàdì kan ṣoṣo. Òjò kì í sọ tẹ́lẹ̀.

Gbígba ohùn ènìyàn ló gba ìwà jù. Òfin Maryland sọ pé gbogbo ẹni tó bá wà nínú ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kí a tó gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin náà lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 jura, ó sì lè san 10,000 dọ́là. Ní Washington àti Virginia, ó tó kí ẹnì kan nínú wọn gbà. Bí ẹ bá dé Pennsylvania, ó tún di ti gbogbo wọn. Kẹ̀kẹ́ kì í rí ààlà, òfin ń rí i. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà tiwa ẹ̀wẹ̀, ẹ kí wọn tán, ẹ jókòó, kí ẹ tó yọ ẹ̀rọ síta. Màmá tó bá ní "Ẹ pa nǹkan yẹn ná" lè ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ èyí tó dùn jù. Ẹ pa á. Lọ́jọ́ mìíràn, ó lè ní kí ẹ tàn án fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó pa ẹ̀rọ, ẹ sọ ọjọ́, aago, ibi tí ẹ wà àti ohun tí ẹ gbà sínú rẹ̀. Lorenzo Dow Turner, tó ti jẹ́ olórí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ní Howard University, gbé ẹ̀rọ lọ sí Bahia ní Brazil ní 1940 sí 1941. Ó gba ohùn Martiniano do Bonfim, tó ti gbé ní Èkó nígbà èwe rẹ̀ tó sì gbọ́ Yorùbá. Anacostia Community Museum ní Washington wà lára àwọn ibi tí ìwé Turner wà lónìí. Bí a kò bá mọ orúkọ Martiniano, bàbá kan lásán ni ìbá máa sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ.

Ohùn kan wà tí kò ní sí lójú ọ̀nà WB&A lọ́dún yìí, bí ẹ ti wù kí ẹ dúró tó. Ní May 2021, kòkòrò cicada olójú pupa tí wọ́n ń pè ní Brood X jáde láti inú ilẹ̀ Maryland lẹ́yìn ọdún 17. Akọ rẹ̀ ní awọ líle méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn tó ń fún wọlé tó sì ń tú síta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ bí onígángan ṣe ń fún ọṣán. Bí wọ́n bá pọ̀ lórí igi, ariwo wọn lè lé ní 90 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, bíi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko. Ẹni tí kò bá gbà á nígbà náà yóò dúró di 2038.