Ìyá, Alágbàtọ́ tàbí «Marraine»? Ìṣòro Ògbufọ̀ Kan ní Agbègbè Atakpamé

Nínú iṣẹ́ kékeré yìí, mo fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wò: orúkọ tí a ń pe ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun kí ọmọ tí kò mọ̀ rí lè lọ sí ilé-ìwé. Mo ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà rí níwájú ọmọ àti àwọn ẹbí rẹ̀, mo sì ṣì í túmọ̀. Ifẹ̀ ti Tógò, tí àwọn ará ìta ń pè ní Ana, ni a ń sọ nílé wa. Faransé ni mo fi kàwé. Ifẹ̀ wà lára àwọn èdè tó sún mọ́ Yorùbá, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ Ede. Yorùbá ni mo fi kọ àwọn gbólóhùn Ifẹ̀ síhìn-ín kí ó lè yé gbogbo òǹkàwé.

Obìnrin kan wá láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ará ìjọ rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń sanwó fún ọmọbìnrin kan ní abúlé kan nítòsí Atakpamé, wọn kò sì fojú kan ara wọn rí. Lẹ́tà ni wọ́n fi mọra: ọmọ ń kọ ọ́ ní Faransé, wọ́n ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a dé, obìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú ọmọ (èyí ya àwọn àgbà lẹ́nu, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ wa), ó ní òun ni «sponsor» rẹ̀. N kò tètè rí ọ̀rọ̀. Mo ní: «Ìyá rẹ tó wà ní Amẹ́ríkà nìyí, wọ́n wá wò ọ́.» Ọmọ rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà tó ń tọ́ ọ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọlé, wọ́n mú ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ jáde nínú ọ̀rá, wọ́n bi mí pé: «Ọmọ mi, ṣé òní náà ni wọ́n máa mú un lọ? Bàbá rẹ̀ ò tíì gbọ́ o.»

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ìyá àgbà. Lọ́dọ̀ wa, ìyá pọ̀: ẹni tó bíni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyàwó bàbá, àgbà obìnrin àdúgbò. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ «ìyá» tó ń rò pé wọ́n fẹ́ gba ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a pè ní ìyá bá tún jẹ́ ẹni tó ń san owó ilé-ìwé, tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé, ọ̀rọ̀ ti di ti ọmọ àgbàtọ́. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: ìbátan tó rí jẹ ní Lomé á kọ́kọ́ máa ràn wọ́n lọ́wọ́, á wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ọmọ á sì bá a lọ. Ìtumọ̀ tí ìyá àgbà gbọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà nìkan; ó wà nínú ohun tí wọ́n ti rí tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ń ṣe.

Àwọn èdè òyìnbó náà kò sọ ọ́ bákan náà. Ní 1937, nígbà ogun abẹ́lé Spéìnì, John Langdon-Davies àti Eric Muggeridge dá ètò tó di Plan International lónìí sílẹ̀. «Foster parent» ni wọ́n ń pe ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ sí ọmọ kan. Alágbàtọ́ gan-an nìyẹn ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ọmọ kò gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Faransé mú «parrain» àti «marraine», bàbá àti ìyá ìsàmì. «Sponsor» fúnra rẹ̀, láti inú Látìnì, ni ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ẹlòmíràn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń dáhùn fún ọmọ ọwọ́ níbi ìsàmì. Yorùbá Nàìjíríà ní onígbọ̀wọ́, tí rédíò ń lò fún àwọn tó ń sanwó ètò, ṣùgbọ́n gbèsè kò jìnnà sí i: ẹni tó dúró fún ajigbèsè náà ni onígbọ̀wọ́.

«Marraine» ni ì bá gbà mí. Ní abúlé tí Kátólíìkì wà, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìyá ìsàmì kì í gba ọmọ lọ, ọmọ náà pàápàá sì ti ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ ẹ̀dá-èdè ni mo sá fún ọ̀rọ̀ àyálò nítorí pé mo fẹ́ kí Ifẹ̀ mi mọ́.

Mo tún un sọ: «Rárá, Màmá, wọn ò mú un lọ. Àwọn ló ń bá wa san owó ilé-ìwé.» Odidi gbólóhùn ni mo fi rọ́pò ọ̀rọ̀-orúkọ kan. Ìyá àgbà mí kanlẹ̀, wọ́n dá ìwé náà padà sínú ọ̀rá. Àmọ́ ọmọ fà mí láṣọ, ó ní: «Ṣé wọn kì í ṣe ìyá mi mọ́ ni?» Obìnrin náà bi mí ohun tí ọmọ sọ. N kò túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Láti ìgbà náà, kí àlejò tó wọlé ni mo ti ń bi àwọn ará ilé ní orúkọ tí wọ́n ń pè é láàárín ara wọn. Àwọn kan ní «marraine». Àwọn kan ní «yovo ọmọ wa», ọ̀rọ̀ Ewe tí wọ́n ń lò káàkiri gúúsù Tógò fún òyìnbó. Ohun tí wọ́n bá sọ ni mo ń lò.