Kòkòrò Tó Ń Gbé Ẹ̀yìn Imú Wa

 

Lẹ́tà kan ti ilé ìwé dé ilé wa lọ́jọ́sí. Wọ́n fẹ́ gún ọmọ wa obìnrin tó wà ní Year 9 ní abẹ́rẹ́ àìsàn yírùnyírùn, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní meningitis. Ọmọ náà ní, "Dádì, ṣé kòkòrò yẹn ti wà lára mi ni?" Ẹnu wa wọhò. Iṣẹ́ ìṣirò owó la kọ́, a ò kọ́ṣẹ́ dókítà, la bá lọ kàwé.

Ó ṣeé ṣe kó wà lára rẹ̀ lóòótọ́! Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ń gbé e kiri ní ẹ̀yìn imú àti ọ̀fun, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, kò sì ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Tó bá ráyè wọnú ẹ̀jẹ̀ ni wàhálà dé. Ó lè pa èèyàn láàárín wákàtí 24.

Ní 1996 ó kọlu èèyàn tó ju 100,000 lọ ní Nàìjíríà, ó pa ju 11,000 lọ. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun wò lára àwọn ọmọdé ní Kano, tí ẹjọ́ rẹ̀ sì pẹ́ nílẹ̀. Ìyá kan ládùúgbò bi wá bóyá a ti gbàgbé ni. Mà, a ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò nìyẹn. Láti 2015 ni àwọn ọmọ ilé ìwé níbí ti ń gba abẹ́rẹ́ tiwa yìí. Nàìjíríà gan-an ló kọ́kọ́ lo ọ̀kan tuntun nínú irú rẹ̀ tó ń dènà oríṣi márùn-ún lágbàáyé, ní March 2024. Inú wa dùn sí ìyẹn púpọ̀.

Abẹ́rẹ́ Year 9 kì í dènà oríṣi B o, nítorí náà ẹ ṣì la ojú yín sílẹ̀. Ibà, orí fífọ́, ọrùn líle, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tútù, oorun àsùnùjí: ẹ má dúró kí ara sú kí ẹ tó pe 999. Wọ́n ní kí á fi gíláàsì tẹ ibi tó sú, bí kò bá parẹ́, ewu dé. Ṣùgbọ́n lára àwa aláwọ̀ dúdú kì í tètè hàn. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, inú ìpéǹpéjú àti àjà ẹnu.

Ọmọ wa ti gba tirẹ̀; apá dùn ún fún ọjọ́ kan péré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní yunifásítì ò rántí bóyá òun gbà á. A ti pe GP. Wọ́n ní kó máa bọ̀, ọ̀fẹ́ ni, tí kò bá ṣáà tíì pé ọmọ ọdún 25.