Ẹ Kú Ewu Ọmọ: Kí Ni Ó Ń Ran Ìyá Lọ́wọ́ Lẹ́yìn Ìbímọ?

Bí obìnrin bá bímọ nílẹ̀ wa, «Ẹ kú ewu ọmọ» ni a fi ń kí i. Àwọn baba ńlá wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ewu ti kọjá ní kété tí ọmọ bá ti ké. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2023, nǹkan bí 260,000 obìnrin ni ó kú ní gbogbo ayé nínú oyún, nígbà ìbímọ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá pín wọn sí ọ̀nà mẹ́wàá, nǹkan bí ọ̀nà méje ni ó jẹ́ ti Áfíríkà tó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Púpọ̀ nínú ikú wọ̀nyí ni a lè dènà. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ń ka ọjọ́ 42, èyí tí í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn ìbímọ mọ́ àkókò ewu.

Ní Atakpamé, láti Gnagna dé Djama àti Woudou, àti ní àwọn abúlé Ifẹ̀ tó yí ìlú ká, ìyá ọmọ tuntun kì í dá wà. Ìyá tó bí i àti ìyá ọkọ rẹ̀ yóò gbé omi kaná. Wọn yóò se àgbo, wọn yóò fi òrí pa á lára, wọn yóò sì se ọbẹ̀ gbígbóná fún un. Lónìí, oògùn mìíràn tún ti dé. Hóró funfun kéékèèké ni, ó ń dùn bíi ṣúgà, inú ọ̀pá kékeré ni wọ́n ń kó o sí. Àwọn ìbátan tó wà ní Faransé a máa fi í ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Oògùn tí àwọn elédè Faransé ń pè ní homéopathie ni. Wọ́n ní ó ń mú kí ara ìyá tètè bọ̀ sípò.

Èwo nínú ìrànlọ́wọ́ wọ̀nyí ni ó ń ṣiṣẹ́? Èwo ni kò lè ṣe nǹkan kan? Èwo ni ó lè pa ènìyàn lára? Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ tí ara ìyá ń ṣe

Nígbà tí ibi ọmọ bá jáde, ó fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ọmọ. Láti ojú ọgbẹ́ yìí ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà. Ilé ọmọ gbọ́dọ̀ súnkì kí ó sì le, kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ lè pa ẹnu dé. Bí kò bá súnkì, ìyá lè ṣòfò ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ní ọjọ́ ìbímọ, ilé ọmọ wúwo tó nǹkan bíi kílò kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò ní tó 100 gíráàmù mọ́. Ara ìyá ni ó ń ṣe iṣẹ́ ńlá yìí fúnra rẹ̀.

Ohun kan wà tó ń ràn án lọ́wọ́, tí a kò fi owó rà. Ohun náà ni ọyàn. Nígbà tí ọmọ bá ń mu ọyàn, ara ìyá a máa tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń mú kí ilé ọmọ súnkì. Ìdí nìyí tí inú fi máa ń run ìyá bí ó bá ń fún ọmọ lọ́yàn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìrora yẹn kì í ṣe àrùn. Nítorí náà, kí a gbé ọmọ sí àyà ìyá rẹ̀ láàárín wákàtí kan tí ó bí i. Kí a má sì da omi ọyàn àkọ́kọ́ tó pọ́n nù, nítorí ó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àrùn.

Ohun tí àwọn àgbà ṣe dáadáa

Kò yẹ kí a fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wo ìtọ́jú àwọn ìyá wa. Wọ́n mọ̀ pé ìyá ọmọ tuntun nílò ìsinmi, wọn kì í jẹ́ kí ó tètè padà sí oko. Wọ́n mọ̀ pé ó nílò oúnjẹ gidi. Wọ́n mọ̀ pé kò yẹ kí ó dá nìkan sùn. Ohun mẹ́ta wọ̀nyí, ìsinmi, oúnjẹ àti ènìyàn, ni àwọn dókítà náà ń béèrè títí di òní.

Ní ti oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ tó dà lọ gbọ́dọ̀ padà. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹran, gbọma àti àwọn ẹ̀fọ́ mìíràn ń ràn án lọ́wọ́. Bí ilé kan bá ní èèwọ̀ tó ní kí abiyamọ má jẹ ẹyin tàbí ẹran, kí wọ́n tún un rò. Àjọ Ìlera Àgbáyé tún gbà pé ní ibi tí àìtó ẹ̀jẹ̀ ti wọ́pọ̀, kí ìyá máa lo hóró oògùn irin fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ. Agbẹ̀bí ni yóò sọ iye tí yóò máa lò.

Omi gbígbóná, káún àti àgbo

Ìwẹ̀ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára, ó ń tu ara lára. Ṣùgbọ́n omi tó ń hó kò dára. Awọ ojú ara ìyá kò tíì san, ó sì lè bó bí ó bá jókòó lé omi tó gbóná jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi aṣọ gbígbóná tẹ ikùn pẹ̀lú agbára. Ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gba ẹ̀bí rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ikùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ojú abẹ má bàa là.

Ẹ̀kọ́ ńlá kan ti Zaria wá, ní àríwá Nàìjíríà. Níbẹ̀, ìyá ọmọ tuntun a máa wẹ omi tó gbóná gan-an fún 40 ọjọ́. A máa dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tí wọ́n dá iná sí abẹ́ rẹ̀, a sì máa mu ògì tí wọ́n fi káún púpọ̀ sí. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn dókítà ibẹ̀ kọ̀wé nípa ọ̀pọ̀ abiyamọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí èémí wọn kò délẹ̀ mọ́, nítorí pé ọkàn wọn ti rẹ̀. Wọ́n ka iyọ̀ inú káún àti ooru náà sí ohun tó ń dá kún àárẹ̀ ọkàn náà. Láti ìgbà náà, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń bá ìwádìí lọ, wọ́n sì ti rí àwọn ìdí mìíràn. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ náà dúró: iyọ̀ àti káún tó pọ̀ lápọ̀jù kì í ṣe oúnjẹ abiyamọ.

Àgbo ńkọ́? Ewé ní agbára, a kò lè sẹ́ ẹ. Òfin ilẹ̀ Tógò pàápàá mọ iṣẹ́ ìṣègùn ìbílẹ̀. Òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 2001. Ṣùgbọ́n ohun tó ní agbára lè tún nǹkan ṣe, ó sì lè bà á jẹ́. Kí ìyá tó mu àgbo, kí ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni orúkọ ewé inú rẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa mu ún tó? Ṣé ó bá oògùn tí wọ́n fún mi ní ilé ìwòsàn mu? Bí ẹni tó se é kò bá lè dáhùn, kí ó má mu ún. Kí a má sì fi sodabi po àgbo abiyamọ, nítorí ọtí ń bá ọyàn wọ inú ọmọ.

Hóró funfun inú ọ̀pá kékeré

Dókítà ará Jámánì kan, Samuel Hahnemann, ni ó dá homéopathie sílẹ̀. Ọdún 1755 ni wọ́n bí i. Ní ọdún 1796 ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa èrò rẹ̀. Ó ní ohun tó ń fa àìsàn lára ẹni tí ara rẹ̀ le ni ó lè wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn, bí a bá là á dáadáa. Oògùn tí wọ́n máa ń fún ìyá ọmọ tuntun jù ni arnica, òdòdó kan tó ń hù lórí òkè ní Yúróòpù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń là á? Wọ́n á mú ẹ̀kán oje ewé kan, wọ́n á dà á sínú ẹ̀kán 99 ọtí tàbí omi, wọ́n á gbọ̀n ọ́n. Èyí ni 1 CH. Wọ́n á tún mú ẹ̀kán kan nínú èyí, wọ́n á dà á sínú ẹ̀kán 99 mìíràn. Èyí ni 2 CH. Bí ẹ bá rí 9 CH lára ọ̀pá náà, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́sàn-án. Kí ó lè yé wa, ẹ ronú nípa adágún omi Nangbéto tó wà lórí odò Mono. Ẹ ro adágún bẹ́ẹ̀ tó ju 20 lọ, kí ẹ sì kán ẹ̀kán oje kan ṣoṣo sínú gbogbo wọn. Bí 9 CH ṣe là tó nìyẹn.

Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Àwọn tó fara mọ́ homéopathie náà sọ pé omi ń rántí ewé. Ṣùgbọ́n kí ni ìwádìí sọ? Ní ọdún 2005, àwọn oníṣègùn ní Ísírẹ́lì jáde pẹ̀lú ìwádìí kan lórí 40 obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n ní àìtó ẹ̀jẹ̀ dín kù lára àwọn tó lo arnica àti òdòdó mìíràn. Ṣùgbọ́n 40 ènìyàn kéré jù láti fi dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2015, ìgbìmọ̀ ìjọba Ọsirélíà lórí ìwádìí ìlera ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí lórí àìsàn oríṣiríṣi. Wọ́n kò rí àìsàn kan tí ẹ̀rí tó dájú wà pé homéopathie ń wò. Faransé náà, níbi tí oògùn yìí ti gbajúmọ̀, kò san owó rẹ̀ padà fún àwọn aláìsàn mọ́ láti oṣù kìíní ọdún 2021.

Kí ló dé tí àwọn ìyá kan fi ń sọ pé ó ṣiṣẹ́ fún àwọn? Ọjọ́ ló ń wò wọ́n. Inú rírun lẹ́yìn ìbímọ máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá lo hóró funfun ní àkókò náà yóò rò pé hóró ni ó wo òun. Hóró náà fúnra rẹ̀ kò léwu púpọ̀. Ewu rẹ̀ ni pé ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lè jókòó sílé, kí ó máa lá hóró, nígbà tí ó yẹ kí ó ti wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ewé tó di oògùn ilé ìwòsàn

Kì í ṣe pé àwọn oníṣègùn kórìíra ohun ìbílẹ̀. Ní Yúróòpù àtijọ́, àwọn agbẹ̀bí máa ń lo olú kékeré kan tó ń hù lára ọkà, kí ìrọbí lè yá. Ní ọdún 1808, John Stearns, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé yin olú náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ó ń pa ìyá àti ọmọ, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò dẹ́kun. Ní ọdún 1935, wọ́n yọ èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú olú náà, wọ́n sì mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ó di abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Ní ọdún 1953, Vincent du Vigneaud ṣe èròjà tí ara ìyá ń tú jáde nígbà tí ọmọ bá ń mu ọyàn. Orúkọ rẹ̀ ni ocytocine. Abẹ́rẹ́ yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fún gbogbo ìyá ní kété tí ọmọ bá ti jáde. Ẹ kò lè fi àgbo tàbí hóró rọ́pò rẹ̀.

Àwọn àmì ewu

Ẹ kà wọ́n sókè létí gbogbo ará ilé, pàápàá jù lọ létí ọkọ àti ìyá ọkọ. Bí ìyá bá ní ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru:

– ẹ̀jẹ̀ ń dà tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ kan fi ń rin gbingbin kí wákàtí kan tó pé;
– ara rẹ̀ gbóná, tàbí òtútù ń mú un;
– ohun tó ń jáde lójú ara rẹ̀ ń rùn;
– orí ń fọ́ ọ gidigidi, ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí gìrì mú un;
– èémí rẹ̀ kò délẹ̀, tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú tó sì ń dùn ún;
– ó ń sunkún láìdákẹ́, tàbí ó ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun tàbí ọmọ lára.

Kí ẹ má dúró de àbẹ̀wò bí àmì ewu bá wà. Ṣùgbọ́n bí ara tilẹ̀ le, ìyá àti ọmọ gbọ́dọ̀ rí agbẹ̀bí ní wákàtí 24 àkọ́kọ́, láàárín wákàtí 48 sí 72, láàárín ọjọ́ 7 sí 14, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké wà ní àwọn abúlé, ilé ìwòsàn ńlá ti agbègbè sì wà ní Atakpamé. Ní ti owó, ẹ béèrè nípa Wezou, ètò tí ìjọba Tógò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021 láti ran aboyún àti ọmọ tuntun lọ́wọ́.

Ẹ gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá fún abiyamọ, ẹ se ọbẹ̀ aládùn fún un, ẹ jẹ́ kí ó sùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ ka ọjọ́ 42 pé, kí ẹ tó sọ fún un pé ewu ọmọ ti kọjá.