Ọmọ Ìbàdàn àti Yunifásítì Òkè-Òkun

Ẹ̀yin òbí ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹ́yẹrúnká, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń gbèrò láti ta ilẹ̀ ìdílé kí ọmọ lè lọ kàwé ní Ìlú Ọba, a bẹ̀ ẹ́ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa ná.

Olóògbé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti mọ̀ tipẹ́ pé òfin ni òun fẹ́ kọ́. Ní 1944 ó gba oyè B.Com. ti Yunifásítì London láìkúrò nílé; ní ọdún kan náà ni ó lọ kọ́ òfin ní London, ó sì di lọ́yà ní 1946. Láti 1948 ni Ìbàdàn ti ní yunifásítì tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ń jáde gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí kò rí kọ́ nílé.

Kí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ̀wé tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ìwé tí wọ́n fi gbà á kì í ṣe ìwé ìwọ̀lú. Ìjọba ibẹ̀ a máa béèrè pé kí owó ìtọ́jú ti wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú aya tàbí ọkọ àti ọmọ dání mọ́.

Kí a tó ta ilẹ̀, ẹ bi ọmọ léèrè: kí ni o fẹ́ kọ́? Èló ni gbogbo rẹ̀? Ta ni yóò san ti ọdún kejì? Bí ó bá dáhùn, ẹ súre fún un. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.