Ẹ̀ṣọ́ Kékeré tí Ń Ṣọ́ Iná Inú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́

Ẹni tí ó bá gba Ketu kọjá lọ sí Mile 12, tàbí tí ó yà sí Ikosi, yóò rí àwọn rìwáyà, èyíinì ni àwọn tí ń tún iná mọ́tò ṣe, ní ẹ̀bá ọ̀nà. Àṣà àtijọ́ kan wà tí àwọn kan nínú wọn kò tíì fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí kí ó lè pèsè iná, ń ṣiṣẹ́, wọn a sítáàtì mọ́tò, wọn a sì yọ wáyà kan kúrò lórí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń dún. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá kú, wọn a ní, “Ó ń ṣájì.” Nínú mọ́tò ayé àtijọ́, èyí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ìpalára, nítorí pé àtùpà, họ́ọ̀nù àti irú nǹkan líle bẹ́ẹ̀ ni iná ń bọ́. Nínú mọ́tò òde òní, ó lè ba ohun tí owó rẹ̀ ju ti alternator lọ jẹ́. Kí ìdí rẹ̀ lè yé wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ohun kékeré kan tí ó wà nínú àpótí tí àwọn rìwáyà ń pè ní brain box.

Bí omi inú páìpù ti ní agbára tí ó fi ń tì, bẹ́ẹ̀ ni iná ní tirẹ̀, fóltì ni a sì fi ń wọn agbára náà. Ní nǹkan bí ọdún 1955 ni ọ̀pọ̀ mọ́tò Amẹ́ríkà fi bátìrì fóltì 6 sílẹ̀ fún ti 12, òun náà ni ọ̀pọ̀ mọ́tò kéékèèké ń lò títí di òní. Yàrá 6 ni ó wà nínú bátìrì náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú nǹkan bí fóltì 2 wá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín jẹ. Bí bátìrì bá kún tí ó sì sinmi, fóltì rẹ̀ jẹ́ 12.6. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, a máa gòkè sí nǹkan bí 13.5 títí dé 14.5. Ní ìgbà tí a bá sì ń yí kọ́kọ́rọ́ láti ta ẹ́ńjìnnì jí, pàápàá bí bátìrì bá ti gbó, ó lè já wálẹ̀ sí 6 tàbí kí ó tún kéré sí i fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀.

Àwọn ṣíìpù tí ń ṣe ìṣirò nínú brain box kò lè fara da irú ìgòkè-gòdò yìí. Òmíràn ń fẹ́ fóltì 5, òmíràn 3.3, àwọn ẹlẹgẹ́ jù lọ sì ń fẹ́ nǹkan bí 1.2. Bí ó bá fi díẹ̀ lọ sókè, wọ́n lè jóná. Bí ó bá fi díẹ̀ wálẹ̀, wọ́n lè ṣi ìṣirò. Nítorí náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ bí Infineon ti Jámánì àti Texas Instruments ti Amẹ́ríkà fi ń ṣe ṣíìpù mìíràn tí ó dúró láàrin bátìrì àti àwọn wọ̀nyí, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó ṣe àkóso iná.

Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú ìfiwéra. Ẹni tí ń ta gàrí ní ọjà kò fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Kóńgò ni ó fi ń wọ̀n. Ṣíìpù yìí náà ní kóńgò tirẹ̀, èyíinì ni fóltì kékeré kan, nǹkan bí 1.2, tí a fi ọgbọ́n ṣe sínú sílíkọ́nì rẹ̀ kí ooru àti òtútù má baà fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Ìgbà gbogbo ni ó ń fi ìdá kan nínú iná tí ó ń fi ránṣẹ́ wé kóńgò yìí. Bí ó bá pọ̀ jù, a dín in kù. Bí kò bá tó, a fi kún un. Iṣẹ́ yìí kò rọrùn nínú mọ́tò, nítorí a máa ń fẹ́ kí òpọ̀ irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ láti inú òtútù tí ó fi ìwọ̀n 40 rẹlẹ̀ ju òdo lọ títí dé inú ooru ìwọ̀n 125 ti Celsius, èyí tí ó gbóná ju omi híhó lọ.

Ọ̀nà 2 ni ó fi ń dín fóltì kù. Èkíní ni kí ó sọ ohun tí ó lé di ooru. Bí iná bá wọlé ní fóltì 14, tí a sì fẹ́ 5, tí áḿpìà 1 ń ṣàn, wáàtì 5 ni a rí lò, wáàtì 9 a sì di ooru lásán. Ìnákúnàá ni.

Ọ̀nà kejì ni ó jọ mí lójú. Ṣíìpù náà ń tan iná, ó sì ń pa á, kíákíá: nínú àwọn kan, ó ju ìgbà mílíọ̀nù 2 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá 1. Láti fi fóltì 14 ṣe 5, bí ìdá 36 nínú 100 àkókò ni ó fi ń tàn. Kọ́ìlì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ìṣàn iná fò sókè tàbí kí ó ṣàdédé dá, àti kàpásítọ̀ tí ń gba iná pamọ́. Ẹ jẹ́ kí a rò ó bí ẹni tí ń fi igbá bu omi sínú àmù tí a lu ihò sí nísàlẹ̀: igbá ń wá, igbá ń lọ, ṣùgbọ́n omi tí ń jáde nísàlẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń ṣòfò. Ẹ̀yin yóò bi mí pé èéṣe tí a fi yan iye tí ó ju mílíọ̀nù 2 lọ? Nítorí rédíò ni. Ìgbì rédíò AM kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 1.7 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá, bí ṣíìpù bá sì ń tàn tí ó ń kú láàrin ibẹ̀, ariwo rẹ̀ ni awakọ̀ yóò máa gbọ́ dípò ìròyìn.

Ó tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. A máa dá ṣíìpù ìṣirò dúró títí iná yóò fi pé. A sì máa retí àmì láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbàkúùgbà, bí àmì náà kò bá dé, a mú kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun.

Nísinsìnyí ni a lè padà sí ọ̀rọ̀ wáyà tí a yọ. Òòfà kan wà nínú alternator tí iná ni ó ń sọ ọ́ di òòfà, bátìrì sì dàbí àgbá ńlá tí ń gba ohunkóhun tí ó bá pọ̀ jù. Bí a bá ṣàdédé yọ bátìrì nígbà tí ó ń gba iná púpọ̀, òòfà náà kò lè rọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó ń tì síbẹ̀, kò sì sí àgbá mọ́. Fóltì a ta sókè. Bí kò bá sí ohun tí ó dá a dúró, ó lè sún mọ́ 100, kí ó tó wálẹ̀ ní ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá. Ọ̀pọ̀ alternator òde òní ní ohun ìdènà nínú tí kì í jẹ́ kí ó kọjá nǹkan bí 35, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ṣọ́ wa kékeré sì lè fara da 40. Ṣùgbọ́n bí ìdènà náà bá ti bàjẹ́, tàbí bí a bá ti fi alternator tí kò ní in pààrọ̀ èyí tí ó ní in, 40 kò lè dúró níwájú 100.

Ewu kejì wà tí ó kan Mile 12 gan-an. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí ń kó tòmátì àti ata láti Òkè Ọya wá sí ọjà náà ń lo fóltì 24, nítorí bátìrì 2 ni a so pọ̀ tẹ̀lé ara wọn nínú wọn. Bí bátìrì ọkọ̀ kékeré bá kú, tí a sì fi wáyà yá iná lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìlọ́po 2 ohun tí ó yẹ ni ó wọlé. Àwọn tí ń ṣe ohun èlò fún mọ́tò mọ̀ pé ènìyàn yóò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni wọ́n fi ń fi fóltì 24 dán an wò fún ìṣẹ́jú 1. Ẹ kíyè sí i pé ìṣẹ́jú 1 ni, kì í ṣe ìdajì wákàtí.

Mítà ni a fi ń yẹ alternator wò láìyọ wáyà kankan. A ó fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan orí bátìrì kí a tó sítáàtì mọ́tò, àti lẹ́yìn náà. Bí ó bá ti nǹkan bí 12.6 gòkè kọjá 13.5, alternator ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá kọjá 15, alákòóso inú alternator fúnra rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò. Bí kò bá gòkè rárá, ó ṣeé ṣe kí alternator tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mọ́tò titun kan, brain box a máa mọ̀ọ́mọ̀ dín fóltì kù láti fi epo pamọ́, nítorí náà kí a tan àtùpà ńlá àti ẹ̀rọ amúlétutù, kí a tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.