Kí A Tó Gbé Ọmọ Lọ Sọ́dọ̀ Onífọ́tò

Bí ọdún bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, yálà Iléyá ni o tàbí Kérésìmesì, inú ìwé owó-yíyá la ti ń kọ́kọ́ mọ̀. Ẹni tó wá yá owó lè máà sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n aṣọ ọmọ àti fọ́tò ọdún wà lára ohun tó fẹ́ fi í ṣe. A ò bá ẹnikẹ́ni wí sí i. Ohun tó ń dùn wá ni pé owó á jáde, aṣọ á dára, fọ́tò á dé tán, ọmọ á sì fajú ro nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún ní abẹ́rẹ́.

Àwọn kan á ní, fọ́tò lásán, kí ló wà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìbejì. Ní 1978, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague, tí òun náà jẹ́ onífọ́tò, kọ̀wé lórí iṣẹ́ fọ́tò nílẹ̀ Yorùbá, pàápàá ohun tó rí ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ó ní bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, àwọn òbí á gbé èyí tó kù lọ sí sítúdíò. Onífọ́tò á ya á, á wá tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ó lè dà bíi pé méjì ló jókòó. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin kan, obìnrin kan ni wọ́n, wọn á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọn á ya á. Wọn á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn á tún ya á. Fọ́tò yẹn wá ń ṣe iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe láyé àtijọ́. Ẹ wo ọmọ kékeré tó jókòó fún ara rẹ̀, tó tún jókòó fún ìkejì rẹ̀ tí kò sí mọ́!

Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya wọ́n pọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì jọ ń jà sí ọmú. Kì í sì í ṣe ìbejì nìkan. Ọmọ ọdún 3 tí ẹ kò yà lónìí, tó bá di ọdún 5, níbo lẹ ti fẹ́ rí ọmọ ọdún 3 yẹn?

Ìmúrasílẹ̀ kì í ṣe ti òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí á má fi onífọ́tò dẹ́rù ba ọmọ. A ti fi etí wa gbọ́ ọ níta sítúdíò: "Bí o ò bá dákẹ́, màá ní kó gbé ẹ lọ." Ṣé ọmọ tó gbọ́ irú ìyẹn ló máa rẹ́rìn-ín fún onífọ́tò? Bí ẹ bá ń kọjá lọ sọ́jà, ẹ ya sọ́dọ̀ ẹni náà, kí ó pe ọmọ lórúkọ, kí ọmọ rí kámẹ́rà àti iná tó ń kọ mànà. Òótọ́ ni pé ọmọ ìsinsìnyí mọ fóònù, ṣùgbọ́n fóònù ìyá rẹ̀ kì í kọ mànà bí iná sítúdíò. Nílé, ẹ gbé e jókòó sórí àpótí, kí ẹ fi ṣeré. Sprague kíyè sí i pé àwọn àgbà wa máa ń kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, ọwọ́ lórí itan. Ó yẹ àgbà. Ọmọ ọdún 2 ò lè ṣe é pẹ́, kí a má tìtorí rẹ̀ nà án.

Irun ńkọ́? Kí ẹ di í ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì máa ń fa awọ iwájú orí, ọmọ á máa sunkún, ojú á sì wú. Ti ọkùnrin náà, ọjọ́ méjì ṣáájú ni, nítorí abẹ. Ẹ má fojú kékeré wo irun o. J. D. 'Okhai Ojeikere, tó kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí ya irun orí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní 1968, àwọn fọ́tò yẹn sì ti dé ibi ìpàtẹ àwòrán ní òkè òkun.

Èyí tó ká wa lára jù ni tìróò. A mọ̀ pé àwọn tó ń tà á wà nínú ẹgbẹ́ wa, kí wọ́n má bínú. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò. Ní 2012, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, CDC, gbé ìròyìn ọmọ oṣù 6 kan jáde ní ìlú Boston, tí ìran rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò tí wọ́n ń lé fún un wò, ó lé ní 80 nínú 100 tó jẹ́ òjé. Òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ojú ọmọ dára láìlé tìróò. Kí ẹ fi omi nù ún, kí ẹ nu ìpara kúrò níwájú orí kí iná má máa dán níbẹ̀, ó tó.

Aárọ̀ ló dára jù, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn tẹ́rùn. Kí ó jẹun nínú aṣọ ilé. Sítúdíò ni kí ẹ ti wọ aṣọ ọdún fún un, ìyẹn ni ọbẹ̀ ò fi ní bá yín ya fọ́tò. Bàtà tuntun, kí ó ti wọ̀ ọ́ rìn nílé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ̀ ọ́n ná: ẹ ná an kí ọmọ tó jókòó. Ẹ̀dà mélòó? Ìgbà wo? Ṣé wọn á fi ti inú kámẹ́rà ránṣẹ́ sórí fóònù yín?

Bí ti ìwé ìrìnnà bá ni, ìyẹn ní òfin tirẹ̀. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ íńṣì 2 sí íńṣì 2, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù 6 lọ. Ti ìlú ọba jẹ́ mìlímítà 35 sí 45. Ọmọ nìkan ni kí ó hàn, láìsí ohun ìṣeré. Wọn ò retí pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 wo kámẹ́rà tààrà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan sì lè dijú. Ẹni tó bá gbá orí ìkókó mú, kí ọwọ́ rẹ̀ má hàn. Tàbí kí ẹ tẹ́ ìkókó sórí aṣọ funfun, kí onífọ́tò yà á láti òkè.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Fóònù tí wọ́n jí lọ́jà ti gbé fọ́tò ọmọ púpọ̀ lọ. Kí ẹ kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ àti ìlú sẹ́yìn rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí ẹ sì rọra kọ, nítorí bírò máa ń hàn síwájú.